Stéèkì inú páànù àti bọ́tà aláta: ẹran wo ló bá bọ́tà wo mu?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àbúrò mi obìnrin tó wà n'Ìbàdàn fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Oríṣi ẹran mẹ́rin ló tò sínú gíláàsì níbi tó ti fẹ́ rajà, iye owó wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: “Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni kí n rà fi ṣe stéèkì?” Mo bi í pé bọ́tà wo ló fẹ́ fi sí i. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹran ni mo bi yín, ẹ̀ ń bi mí ní bọ́tà.”

Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. A ó ra ẹran tó wọ́n jù torí pé ó wọ́n, a ó wá máa wá ohun tí a máa fi sí i nígbà tí páànù ti ń rú èéfín. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún méjì lẹ́yìn tí mo kó wá sí Peckham ní London, ẹran olówó gọbọi tí mo bà jẹ́ nígbà yẹn, mi ò fẹ́ kà á. Ohun tó wá yé mi ni pé ẹran àti bọ́tà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń yàn wọ́n. Ẹran tó ti ní ọ̀rá tirẹ̀ kò tún wá ọ̀rá kún ọ̀rá; ata àti ohun kíkan ló ń wá. Ẹran tí kò lọ́rá, bọ́tà ni yóò gbé e. Ìdáhùn tí mo fún àbúrò mi ni mo fẹ̀ lójú síbí yìí.

Orúkọ tó ń dá ìjà sílẹ̀

Ká tó débi ọ̀rá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Èyí tí alápatà London ń pè ní sirloin, strip ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù ní Houston tí ẹ béèrè sirloin, èyí tí wọ́n á gé fún yín ni èyí tí ará London ń pè ní rump. Fillet ti London ni tenderloin ti Amẹ́ríkà. Ribeye ni kì í fa wàhálà, orúkọ kan náà ló ń jẹ́ níbi méjèèjì. Ẹni tó bá ń ka ìlànà orí íntánẹ́ẹ̀tì láìwo ìlú tí ẹni tó kọ ọ́ ń gbé, ẹran ọ̀tọ̀ ló máa rà délé, tó bá sì le lẹ́nu, á máa ṣépè fún ẹni ẹlẹ́ni.

| London | Amẹ́ríkà | Ọ̀rá inú rẹ̀ | Bó ṣe rọ̀ tó | Bọ́tà tí mo máa fi sí i |
|---|---|---|---|---|
| Ribeye | Ribeye | Ó pọ̀ dáadáa | Ó rọ̀ | Ata rodo àti ọsàn wẹ́wẹ́ |
| Sirloin | Strip | Ìwọ̀nba, etí ni púpọ̀ rẹ̀ wà | Ó rọ̀ díẹ̀ | Èyíkéyìí |
| Rump | Top sirloin | Díẹ̀ | Ó fẹ́ eyín | Yájì |
| Fillet | Tenderloin | Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí | Ó rọ̀ jù wọ́n lọ | Irú àti ata gbígbẹ |

Ribeye, ibi ìhà ni wọ́n ti ń gé e. Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó: ọ̀rá funfun fọ́nfọ́n bí òwú máa ń gba inú ẹran pupa kọjá. Ọ̀rá yẹn ló ń yọ́ nínú páànù, tó ń mú kí ẹran dùn. Ẹ wá fojú inú wò ó bí ẹ bá tún da bọ́tà olọ́ràá tó kún fún ẹ̀pà lé e lórí. Gígé kẹta tí ẹ bá fi sẹ́nu, ó ti sú yín. Ohun tó máa ń gbà á sílẹ̀ ni ata tó ta lójú méjèèjì àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó kan.

Fillet ni òdìkejì rẹ̀. Abẹ́ eegun ẹ̀yìn lápá inú ló wà, màlúù kì í fi í ṣiṣẹ́ kankan, ìdí tó fi rọ̀ nìyẹn. Àmọ́ iṣan tí kì í ṣiṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ládùn. Òun ló wọ́n jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà ló sì ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ jù. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bínú sí mi, ṣùgbọ́n fillet tí kò ní bọ́tà gidi lórí kò yàtọ̀ sí ẹ̀bà tí kò lọ́bẹ̀.

Rump, ẹran ìbàdí, iṣẹ́ ló ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n adùn ẹran wà lára rẹ̀ ju ti fillet lọ fíìfíì, kò sì wọ́n tó o. Sirloin wà láàárín wọn. Bí ẹ bá ra sirloin, ọ̀rá gbọọrọ tó wà létí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kan páànù: ẹ fi ẹ̀mú gbé ẹran náà dúró bí ẹni gbé ìwé dúró, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá náà yọ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ẹ tó tẹ́ ẹ.

Tó bá jẹ́ owó ara mi, ní London, rump ni mo máa ń rà lọ́jọ́ tí kò ní ìdí pàtàkì, màá sì ra ribeye bí àlejò bá ń bọ̀. Mi ò rántí ìgbà tí mo ra fillet kẹ́yìn.

Ìbàdàn kì í ṣe London

Àmọ́ fillet gan-an ni mo ní kí àbúrò mi rà, kì í sì í ṣe pé mò ń tako ara mi.

Ẹran tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún stéèkì, wọ́n sábà máa ń fi í sínú yàrá tútù fún ọjọ́ 21 tàbí 28 kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa jẹ ẹ́. Láàárín àkókò yẹn, àwọn èròjà tó wà nínú ẹran náà fúnra rẹ̀ á ti máa tú àwọn iṣan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tiwa nílé ńkọ́? Màlúù funfun oníwo gígùn ti àwọn Fúlàní, tó ti fẹsẹ̀ rìn jìnnà kiri oko, ni wọ́n pa ní ìdájí, ó sì ti wà lórí tábìlì alápatà kí oòrùn tó mú. Ẹran tó dára ni fún ọbẹ̀, torí a ó sè é títí á fi gbà. Ṣùgbọ́n iná páànù kì í gbé ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹran ìbàdí irú màlúù bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá dín in bíi stéèkì, ẹ ó jẹ ẹ́ títí àgbọ̀n á fi máa ro yín. Ẹ̀bi ẹni tó sè é kọ́.

Torí náà nílé, fillet nìkan ni mo fọwọ́ sí. Àwọn alápatà tó ń tajà fún ilé oúnjẹ mọ̀ ọ́n ní orúkọ yẹn. Bí tiyín kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó fún yín ní ẹran gbọọrọ tó wà lábẹ́ eegun ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín, kó má gé e wẹ́wẹ́ o. Ẹ bọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó dán lára rẹ̀ kúrò. Bí iná ìjọba bá ń ṣe dáadáa tàbí tí fíríìjì yín bá di òtútù mú, ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ méjì níbẹ̀, lórí àwo, láìfi náílọ́ọ̀nù dì í pinpin. Bí iná bá ń ṣe ségesège, ẹ má dán an wò. Ẹ sè é lọ́jọ́ náà.

Ohun kan tún wà tó ju orúkọ ẹran lọ: bó ṣe nípọn tó. Láàárín ẹran méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ní sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ àti ẹyọ kan tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, tí ìwọ̀n wọn jẹ́ ọgbọọgba, ẹyọ kan ni kí ẹ mú, kí ẹ pín in fún ẹni méjì. Ẹran pẹlẹbẹ, kí ojú rẹ̀ tó pọ́n, inú ti gbẹ. Ìbú ìka méjì pọ̀ ni mo fi ń wọn tèmi.

Páànù

Páànù tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ mọ́ ọn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló wà nílé tí mo háyà. Ẹran tó jáde níbẹ̀ rí bí ẹran tí wọ́n bọ̀ fún aláìsàn, eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Ìdí ni pé páànù bẹ́ẹ̀ fúyẹ́. Bí ẹran tútù bá ti kàn án, ooru rẹ̀ á ré wálẹ̀, omi ara ẹran á jáde, ẹran á sì máa hó nínú omi ara rẹ̀. Ẹ ò sì lè fi iná gidi sábẹ́ rẹ̀ kó lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ohun dúdú tí wọ́n fi kùn ún máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ tó bá ti kọjá nǹkan bí 260°C, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún èèyàn. Ẹyin ni kí ẹ máa fi í dín.

Fráìpáànù irin dúdú tó wúwo bí odó ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń pẹ́ kó tó gbóná, bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n tó bá ti gbóná, ẹran méjì kò tó tu ooru rẹ̀. Ti irin funfun tó ń dán náà dára, àmọ́ ó fẹ́ sùúrù. Ẹran á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn gbágbá. Bí ẹ bá fipá ṣí i, ojú rẹ̀ á ṣẹ́kù sí páànù. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, òun fúnra rẹ̀ á tú. Kí ẹ lè mọ̀ pé ó ti gbóná tó, ẹ ta omi díẹ̀ sí i. Bí omi náà bá kàn hó tó gbẹ, kò tíì tó. Bó bá di róbótó tó ń sá kiri bí ìlẹ̀kẹ̀, ó tó.

Nílé, ìkòkò àlúmíníọ́mù tó nípọn, irú èyí tí wọ́n ń dà nílé, máa ń ṣe dáadáa tí ìdí rẹ̀ bá tẹ́. Agbada àkàrà kò dáa fún un, ìdí rẹ̀ ti yípo jù, àárín ẹran nìkan ló máa kan irin.

Kí ni ká fi dín in: òróró tàbí bọ́tà?

Òróró lákọ̀ọ́kọ́, bọ́tà lẹ́yìn. Bọ́tà kì í ṣe ọ̀rá lásán. Nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni ọ̀rá, omi kó nǹkan bí 16, èyí tó kù ni èròjà wàrà. Èròjà wàrà yẹn ló ń jó di dúdú tí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 150°C, páànù stéèkì sì ń lọ sókè ju 200°C lọ. Òróró ẹ̀pà tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa á dúró títí dé nǹkan bí 230°C. Bí ẹ bá rí máńṣánú rà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní, tàbí bọ́tà yíyọ́ tí àwọn ará Íńdíà ń pè ní ghee, ìyẹn lè gba iṣẹ́ òróró, torí wọ́n ti yọ wàrà àti omi kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ ṣọ́ra lọ́jà. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ bọ́tà, màjárínì ni ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà máa gbé fún yín. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wá lẹ́nu débi pé màjárínì ni ọ̀pọ̀ “ajẹbọ́tà” tí a jọ dàgbà ní Mókọ́lá ń jẹ. Fún búrẹ́dì, kò burú. Fún iṣẹ́ yìí, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí: wàrà màlúù ni kí ẹ rí níbẹ̀, kì í ṣe epo ẹ̀fọ́.

Bọ́tà aláta mẹ́ta

Àwọn ará Faransé ti ń po nǹkan mọ́ bọ́tà fún ẹran tipẹ́. Pásílì àti omi lẹ́mọ̀nù ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó gbajúmọ̀ jù lára tiwọn. Ata ló kù tí a fi kún un. Bọ́tà sì ni ibi tí ata ń sùn sí jù, torí ohun tó ń ta nínú ata kì í yọ́ nínú omi, inú ọ̀rá ló ń yọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ata inú bọ́tà fi máa ń tàn káàkiri ẹnu díẹ̀díẹ̀, tí kì í gbá èèyàn létí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwọ̀n tí mò ń lò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni bọ́tà tí kò níyọ̀ gíráàmù 125, ìdajì páálí kan ní London. Ẹ gbé e síta kó rọ̀, ẹ má yọ́ ọ lórí iná. Bọ́tà tó ti yọ́ pátá, tó bá tún dì, á dì ní hóró hóró bí iyanrìn.

Ata rodo àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni àkọ́kọ́. Ata rodo pupa méjì, ẹyọ ááyù kan, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ kan tí a rin, omi ọsàn náà ṣíbí kékeré kan, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré. Àṣìṣe tí gbogbo èèyàn ń ṣe níbí ni pé wọ́n á rin ata tútù sínú bọ́tà tààrà. Omi ló pọ̀ jù nínú ata. Bó bá di ọjọ́ kejì, ẹ ó rí omi pupa tó ń jáde lára bọ́tà bí òógùn. Ẹ gé ata àti ááyù wẹ́wẹ́, ẹ fi bọ́tà ṣíbí kan dín wọn lórí iná jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, títí tí ariwo híhó náà á fi rọlẹ̀. Ìgbà yẹn ni omi tán. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó pò ó mọ́ ìyókù. Bí ẹ bá fẹ́ kó rọra ta, awọ funfun inú ata ni kí ẹ há kúrò, torí ibẹ̀ ni títa rẹ̀ wà jù, kì í ṣe hóró rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún wa. Kí ẹ fi òróró pa ọwọ́ kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, àgàgà ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ọwọ́ nu ojú.

Ẹ̀rín pa mí lọ́jọ́ tí mo mọ̀ pé ọdún kan náà, 1912, ni ará Faransé kan, Louis-Camille Maillard, kọ̀wé nípa bí ṣúgà àti èròjà inú ẹran ṣe ń di pupa ríròrò bí iná bá kàn wọ́n, tí apoògùn ará Amẹ́ríkà kan, Wilbur Scoville, sì gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ata ṣe ń ta tó jáde. Àfi bíi pé wọ́n jọ ń se stéèkì aláta. Lórí òṣùwọ̀n Scoville yẹn, ata rodo wà láàárín 100,000 àti 350,000. Jalapeño tí àwọn ará Mẹ́síkò ń jẹ kì í ju 8,000 lọ. Torí náà bí ìlànà òyìnbó bá ní kí ẹ fi ata jalapeño mẹ́rin, ẹ má fi ata rodo mẹ́rin dípò rẹ̀ o.

Irú àti ata gbígbẹ ni ìkejì, òun ló wù mí jù. Irú wooro ṣíbí ìjẹun kan, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣa òkúta rẹ̀, ẹ gún un díẹ̀. Ẹ fi bọ́tà díẹ̀ dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà ìlàjì tí a gé wẹ́wẹ́. Ó ń fẹ́ imú: òórùn líle tí irú kọ́kọ́ ń yọ á wọlé lọ, á sì di òórùn bí ẹ̀pà yíyan. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi ata gbígbẹ lílọ̀ ṣíbí kékeré kan sí i nígbà tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ata náà má jó. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i, torí àwọn kan ti máa ń fi iyọ̀ sí irú kí wọ́n tó tà á. Tó bá ti tutù, ẹ pò ó mọ́ bọ́tà ìyókù. Ẹ̀fínrín ewé mẹ́ta, tí a gé fínífíní, ló máa ń parí tèmi. Ẹni tí a jọ gbé filáàtì nígbà kan bi mí bóyá nǹkan ti kú sábẹ́ ilẹ̀ ilé ìdáná. Nígbà tó jẹ ẹ́ lórí fillet, kò bi mí mọ́.

Yájì ni ìkẹta, kò sì ní wàhálà rárá. Ẹ ra yájì lọ́wọ́ ọlọ́sùyà yín, ṣíbí ìjẹun kan ààbọ̀, ẹ pò ó mọ́ bọ́tà tó ti rọ̀, ó parí. Kúlìkúlì, atalẹ̀, ata gbígbẹ àti kánáfùrù ti wà níbẹ̀, iyọ̀ àti Maggi pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má fi iyọ̀ kún un. Ẹ má ṣe fi yájì pa ẹran kí ẹ tó gbé e sínú páànù bí a ṣe ń ṣe sùyà. Ẹyín iná tí wọ́n fi ń yan sùyà kì í fara kan an. Irin páànù á jó kúlìkúlì di ẹ̀èdú kí ojú ẹran tó pọ́n, á sì korò. Ẹ bi àlejò yín léèrè kí ẹ tó gbé e kalẹ̀: ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, àwọn kan wà tí ẹ̀pà lè pa.

Tí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ti ata rodo ló ń ta jù, yájì ló yá jù, irú ló ń gba àkókò jù. Ti ata rodo àti irú, mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú fíríìjì, torí ohun tútù wà nínú wọn. Gbogbo wọn ni ẹ lè dì sínú pépà bí ọ̀pá, kí ẹ fi wọ́n sí fírísà fún oṣù méjì sí mẹ́ta, kí ẹ máa gé e bíi kọ́ìnì, kọ́ìnì kan sí ẹran kan.

Dídà á sí páànù tàbí gbígbé e lé orí ẹran?

Àwọn tó ń se oúnjẹ lórí fídíò máa ń fi ṣíbí bu bọ́tà gbígbóná da orí ẹran léraléra. Ó wuyì lójú, ó sì wúlò, torí ó ń mú ìhà ẹran tí kò kan páànù gbóná. Ṣùgbọ́n bọ́tà lásán ni wọ́n ń dà. Mo da bọ́tà ata rodo sínú páànù gbígbóná lẹ́ẹ̀kan. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ilé kún fún ata, èmi nìkan kọ́ ni mò ń wúkọ́, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìyàwó mi gbé ọmọ jáde síta nínú òtútù oṣù January. Ata tó jó nínú páànù náà korò lẹ́nu bí ewúro tí wọn ò fọ̀.

Láti ìgbà yẹn, bọ́tà lásán àti ẹ̀ka táìmù kan ni mò ń dà sí ẹran nínú páànù, ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí mo bá ti dín iná kù. Bọ́tà aláta, orí ẹran ló ń gùn nígbà tí ẹran bá ti kúrò lórí iná tó ń sinmi. Ooru ara ẹran tó láti yọ́ ọ.

Ṣé kó jinná kanlẹ̀ ni?

Ìyá mi kì í jẹ ẹran tó bá ṣì pọ́n nínú. “Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn,” ló máa ń wí. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ o, ẹ̀jẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á. Omi ara ẹran ni, tí èròjà pupa inú iṣan pa láwọ̀. Àmọ́ mi ò bá màmá jà lórí èyí. Ẹni tó bá fẹ́ kó jinná kanlẹ̀, ribeye ni kí ẹ sè fún un, torí ọ̀rá inú rẹ̀ kò ní jẹ́ kó gbẹ. Fillet tó jinná kanlẹ̀, owó sọnù ni.

Ẹ ra tẹmọ́mítà kékeré tí wọ́n ń gún sínú ẹran. Fífi ìka tẹ ẹran wò, tí àwọn kan ń ṣe, ẹran tó dé ọwọ́ wọn lójoojúmọ́ ló kọ́ wọn. Èmi àti ẹ̀yin tí à ń sè é lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìka wa kò mọ nǹkan kan. Bí àárín rẹ̀ bá jẹ́ 55 sí 57°C lẹ́yìn ìsinmi, ó pọ́n ó sì lómi. 60 sí 63, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Láti 71 sókè, ó ti jinná kanlẹ̀. Ẹ gbé e kúrò nígbà tó bá ku nǹkan bí 3°C kó dé ibi tí ẹ fẹ́, torí ooru rẹ̀ á ṣì máa gòkè lórí àwo.

Ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà ní kó dé 63°C, kó sì sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbà kí inú rẹ̀ pọ́n tí gbogbo ìta rẹ̀ bá ti rí iná dáadáa, torí ara ìta ẹran odidi ni kòkòrò àìrí sábà máa ń wà. Ẹran lílọ̀ kò sí nínú àdéhùn yìí, ìta rẹ̀ ti di inú. Ẹran tó ti pẹ́ lórí tábìlì lọ́jà, tí eṣinṣin ti bà lé, mi ò ní jẹ ẹ́ tí kò bá dé 63, ó kéré tán. Aboyún, ọmọdé àti arúgbó, ẹ jẹ́ kí tiwọn jinná.

Bí mo ṣe ń ṣe é

Sirloin kan, gíráàmù 300, nípọn ìka méjì. Mo máa ń fi iyọ̀ pa á ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú, tàbí kí n fi pa á kó tó wọ páànù gẹ́lẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún ló burú jù, torí ìgbà yẹn ni iyọ̀ fa omi jáde, tí ẹran kò sì tíì mu ún padà. Mo fi tíṣù nù ún títí tíṣù á fi gbẹ lọ́wọ́ mi. Bí ẹ kò bá rántí nǹkan mìíràn, ẹ rántí nínù yìí. Omi kì í gbóná kọjá 100°C, ojú ẹran kì í sì í bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n títí tó fi kọjá nǹkan bí 140. Ẹran tó tutù lójú, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ kó tó pọ́n.

Páànù gbóná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, òróró ẹ̀pà ṣíbí kan, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Etí olọ́ràá lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà mo tẹ́ ẹ, mo sì ń yí i padà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ká yí i, àmọ́ yíyí léraléra ń jẹ́ kí inú rẹ̀ jinná déédéé, ojú rẹ̀ á sì pọ́n bákan náà. Ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́fà, iná wálẹ̀, bọ́tà lásán wọlé, mo ń bù ú dà á lórí. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, tẹmọ́mítà. Ó bọ́ sórí pátákó, kọ́ìnì bọ́tà aláta gùn ún, ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje láìfọwọ́ kàn án. Ẹ gé e ní ìbú lòdì sí bí iṣan rẹ̀ ṣe tò, àgàgà rump.

Dòdò ló ń bá ti yájì lọ, iṣu díndín ń bá ti ata rodo lọ. Ti irú, búrẹ́dì Agége tó rọ̀, kí ẹ fi nu àwo.

Àbúrò mi ra fillet, ó lo irú. Ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, fọ́tò mìíràn wọlé: àwo funfun tó mọ́ tónítóní bíi pé wọn ò tíì bu oúnjẹ sí i, èérún búrẹ́dì mẹ́ta létí rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, irú tẹ́ ẹ ní kí n fi sí i kò tó.”